Ọpẹ́ Iná Kejìlá

"Má jẹ́ kí ojú ìpàdé wọn ṣe déédéé," ni Yésúfù wí láti orí ẹní tó jókòó sí. "Bí o bá ti to ti ìsàlẹ̀ tán, kí àárín ti òkè bọ́ sórí ibi tí méjì ìsàlẹ̀ ti pàdé. Ògiri tí ojú ìpàdé rẹ̀ bá lọ tààrà láti òkè dé ilẹ̀, wàhálà ló ń wá, yóò sì rí i."

Àtọ́kẹ́ ọmọ rẹ̀ kò dáhùn, nítorí páálí ìṣáná kan wà láàárín eyín rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì kún. Páálí ìṣáná òfìfo ni bíríkì tirẹ̀. Èjìdé, ìyá rẹ̀, ń ta ìṣáná, òwú àtùpà àti gíláàsì àtùpà ní Ọjà'ba, ní Ìbàdàn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ pé bí ìṣáná bá tán, kí wọ́n má da páálí rẹ̀ nù, ọmọ Èjìdé ń fi kọ́lé. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin tó bá fẹ́ Àtọ́kẹ́ kò ní í háyà ilé láéláé.

Yésúfù kì í ṣe ẹni tí ń jókòó sílé ní ọ̀sán tẹ́lẹ̀. Bíríkìlà ni, gbogbo àdúgbò Bẹyẹrúnká ló sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ògiri rẹ̀ kì í wọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló já láti orí àkàbà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan ní Mọlété, egungun itan rẹ̀ sì dá. Ẹni tó ń to egungun fún un ní kó má tíì fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ó di inú yàrá kan tó ní fèrèsé kékeré kan. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wá di ẹni tó lè fi odindi ọjọ́ wo àjà. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú un sọ̀rọ̀ ni ìròyìn tí Àtọ́kẹ́ ń mú bọ̀ láti ilé-ìwé.

Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni. Àtọ́kẹ́ ti pé ọmọ ọdún márùn-ún-dín-lógún, ó sì wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé Mọ́dà àwọn ọmọbìnrin kan, irú èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá Bẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni páálí ńlá kan ti òkè òkun dé sí ilé-ìwé náà. Bíríkì ìṣeré ló kún inú rẹ̀, pupa àti funfun, èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Kókó kéékèèké wà lórí wọn, ihò wà lábẹ́ wọn. Bí o bá ti tẹ ọ̀kan lé èkejì, wọ́n á di ara wọn mú, láìsí amọ̀, láìsí sìmẹ́ńtì. Mísì Adéyẹ́misí, tíṣà iṣẹ́ ọwọ́, ló rí i nínú kátálọ́ọ̀gì, òun náà ló sì bẹ ọ̀gá ilé-ìwé títí tí wọ́n fi rà á. Ó ṣa ọmọbìnrin mẹ́fà jọ, ó pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Afọwọ́dárà, ó ní kí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọn yóò gbé lọ síbi àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ilé-ìwé ní gbọ̀ngàn Màpó lórí òkè.

Ògiri àkọ́kọ́ tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi kàn án tó fi là sí méjì. Àtọ́kẹ́ ròyìn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe tò ó, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ páálí ìṣáná ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí bàbá bá kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, òun ni ọmọ ń lò ní ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà dìde, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní àtẹ̀gùn, kò sì yẹ̀. Mísì Adéyẹ́misí ní kí Àtọ́kẹ́ kí bàbá rẹ̀, kó sọ fún un pé òun náà ti di ọmọ ẹgbẹ́.

Nígbà tí àfihàn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni páálí kejì dé. Iná ló wà nínú èyí. Gílóòbù kéékèèké méjìlá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lórí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó iná ojú títì, wáyà pupa àti dúdú sì so mọ́ ìdí rẹ̀. Tíṣà pa gbogbo fèrèsé dé, ó so wáyà mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, iná sì tàn nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà rọ́ yí i ká. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà náà, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ti ń tàn lójú títì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agbo ilé ni kò tíì wọ̀. Àtùpà ni wọ́n ń tàn ní ilé Àtọ́kẹ́.

Nígbà tó délé, ó gbìyànjú láti ṣàlàyé iná náà fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ béèrè bóyá ó mọ́lẹ̀ tó ti àtùpà. Kò tó o, ni Àtọ́kẹ́ wí, ṣùgbọ́n ó dára ju ti àtùpà lọ. Bàbá rẹ̀ ní báwo ni iná tí kò mọ́lẹ̀ tó àtùpà ṣe máa dára jù ú lọ.

"Bàámi, ẹ ò lè mọ̀ àfi tí ẹ bá rí i. Ẹ ó rí i ní Màpó."

"Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi gun Màpó?" ni Yésúfù wí. Ó yí ojú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àtọ́kẹ́ lákínyẹmí ara.

Felicia, ọ̀rẹ́ Àtọ́kẹ́, ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó bíríkì àti iná sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan, Felicia lọ pọn omi tí wọn yóò fi nu tábìlì, ó sì fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ ní ṣíṣí nítorí pé Àtọ́kẹ́ wà níbẹ̀. Ta ni yóò tún ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀? Àtọ́kẹ́ wo iná méjìlá náà bí wọ́n ṣe tò nínú páálí wọn. Ó mú ọ̀kan, ó fi wáyà rẹ̀ wé e, ó tì í bọ àpò aṣọ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀la ni òun máa dá a padà, kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: gbogbo ẹni tó ń mú ohun olóhun ló ní ọ̀la tó fẹ́ dá a padà. Ó tilẹ̀ dáa kó tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé bí òun bá tọrọ, wọ́n lè ní rárá, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọkàn ti fẹ́ tán kì í fẹ́ gbọ́ rárá.

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbà ọjọ́ náà, ó gbé ilé páálí ìṣáná rẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Ó gbé òpó iná náà sí àárín rẹ̀, ó yọ bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, ó so wáyà mọ́ ọn, ó sì fẹ́ àtùpà pa. Ìmọ́lẹ̀ yọ ní ojú fèrèsé ilé kékeré náà. Yésúfù fi ìdí wọ́ títí ó fi súnmọ́ ọn. Ó wo inú rẹ̀ láti iwájú, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

"Alhamdulillahi," ni ó wí. "Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ilé fún ènìyàn. Bí mo bá ti rẹ́ ẹ tán, mo gba owó mi, mo lọ. N kò dúró rí kí n wò ó nígbà tí wọ́n bá tan iná sí i." Omi ti lé sí ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni Èjìdé gbọ́ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi sáré wọlé, igbá ọjà ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo iná, ó sì béèrè ibi tí ó ti wá. Ahọ́n Àtọ́kẹ́ ṣaájú ọgbọ́n rẹ̀.

"Mísì wa ló fún mi."

"Ó fún ọ ni, àbí ó yá ọ?" ni Yésúfù béèrè. Bíríkìlà ni, ó fẹ́ràn kí nǹkan gún régé.

Ẹ̀yin náà rí i pé ọ̀nà àbáyọ kékeré kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àtọ́kẹ́ ti rí ojú bàbá rẹ̀, kò fẹ́ kí iná náà jẹ́ ohun tí wọ́n máa gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó fún mi ni. Ó ní kí n mú un wá fún yín."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Èjìdé sọ igbá kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúrà fún tíṣà náà, fún ìyá tó bí i àti fún ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun ń bá Àtọ́kẹ́ lọ sí ilé-ìwé láti lọ dúpẹ́ oore àná.

Àyà Àtọ́kẹ́ já. Ó yẹ kó ti mọ̀. Ní ìlú wa, bí wọ́n bá fún ọmọ rẹ ní nǹkan lónìí, o kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀la gòkè kí o tó lọ kí ẹni tó fún un. Ọmọ ìyá wo ni kò mọ èyí? Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ pé wọ́n fún òun ní nǹkan, kó kọ́kọ́ rántí pé òun ní ìyá. Àtọ́kẹ́ ní Mísì ti sọ pé kí ìyá òun má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

"Ohun tó yẹ kó sọ ló sọ," ni Èjìdé wí. "Ohun tó yẹ kémi náà ṣe ni pé kí n lọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣé olè ni wá ni?"



Àtọ́kẹ́ jí kùtùkùtù, ó fẹ́ mú iná náà kó sì sá ṣaájú ìyá rẹ̀ lọ dá a padà. Ṣùgbọ́n ilé páálí ìṣáná náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí bàbá rẹ̀, Yésúfù fúnra rẹ̀ sì ti jí, ó ti kírun tán ní ìjókòó, ó ń fi ìka tọ́ wáyà náà wò. Ó ní kí Àtọ́kẹ́ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, òun fẹ́ fi han àwọn tó bá wá kí òun. Èjìdé ti wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ó di gíláàsì àtùpà mẹ́ta àti ìṣáná méjìlá sínú aṣọ funfun, ó gbé e lọ́wọ́. Láti Bẹyẹrúnká títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ Màpó, kò sí ẹni tó kí i tí kò sọ fún. Ó sọ fún alágbàfọ̀, ó sọ fún ìyá oníṣu, ó sọ fún bàbá tó ń rán bàtà: tíṣà ọmọ mi ló fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣàdúrà, Àtọ́kẹ́ sì ń ṣe àmín.

Mísì Adéyẹ́misí wà níwájú kíláàsì nígbà tí wọ́n dé. Ọmọge tí kò tíì ju ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n lọ ni. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Èjìdé ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Òun náà sáré kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì sì kojú ara wọn lórí ìkúnlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù.

"Tíṣà, ẹ kú àná, ẹ kú oore," ni Èjìdé wí. "Ẹ ò ní í ṣe é tì. Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá Àtọ́kẹ́ ti dá, àná ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bó ṣe máa ń rín in. Iná kékeré tí ẹ fún ọmọ yìí ló fà á. Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí iná tiyín kú."

Tíṣà gbójú sókè, ó wo Àtọ́kẹ́ tó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀.  Àtọ́kẹ́ ń retí kó la ẹnu. Mísì Adéyẹ́misí na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ẹrù aṣọ funfun náà.

"Kò tó ọpẹ́, màmá," ni ó wí. "Ẹ bá mi kí bàbá. Ọlọ́run á fún wọn ní ìlera."

Èjìdé dìde, ó gba ọjà lọ pẹ̀lú ayọ̀. Tíṣà kò sọ nǹkan kan fún Àtọ́kẹ́ ju pé agogo ti fẹ́ lù, kó wọlé. Ká ní ó nà án ni, ara ì bá tù ú.

Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán ni ọ̀gá ilé-ìwé, Mísíìsì Ọládiípọ̀, wá ka ohun tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí Màpó. Obìnrin tí kì í fi nǹkan ilé-ìwé ṣeré ni. Ó ka bíríkì, ó pé. Ó ka iná, mọ́kànlá ni. Ó tún un kà. Ó béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Felicia sì jáde síwájú, ó ń sunkún kí wọ́n tó fi ẹ̀sùn kàn án rárá. Ó ń búra pé òun kò mú un. Ọ̀gá ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òun mọ̀, kó lọ pe bàbá rẹ̀ wá. Àtọ́kẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù.

"Ẹ má bínú, mà," ni Mísì Adéyẹ́misí wí. "Felicia kò mọ̀ nípa rẹ̀. Iná náà kò sọnù. Ẹnìkan wá dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí, mo sì gba ọpẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo fi tọrẹ."

Ọ̀gá ilé-ìwé bínú gan-an. Níwájú gbogbo àwọn ọmọ, ó ní nǹkan ilé-ìwé kì í ṣe ẹrù ilé bàbá ẹnikẹ́ni tí yóò máa fi tọrẹ. Ó ní Mísì Adéyẹ́misí kò ní í bá àwọn ọmọ lọ sí Màpó mọ́, tíṣà mìíràn ni yóò kó wọn lọ, àti pé láti táàmù tó ń bọ̀, kò sí Ẹgbẹ́ Afọwọ́dárà mọ́. Tíṣà tẹ orí ba. Àwọn ọmọ mìíràn kùn sí i lábẹ́lẹ̀ pé kí ló kó o dé ìdí fífi nǹkan tọrẹ, ó ti ba nǹkan jẹ́ fún gbogbo wọn. Felicia nìkan ló lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ sílé, Àtọ́kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mísì Adéyẹ́misí ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Ẹrù aṣọ funfun Èjìdé ṣì wà lórí tábìlì, kò tíì tú u.

"Mísì, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Ìyá tó tó ìyá mi ló kúnlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kó dìde kúrò níbẹ̀ láìsí ìtìjú, òun nìkan ni mo rò." Ó fi ọwọ́ kan ẹrù náà. "Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tó fún mi kì í ṣe tèmi, Àtọ́kẹ́. N kò lè jẹ nínú rẹ̀. Ká ní o tọrọ iná yẹn, àwa méjèèjì ni à bá jọ gbé e lọ fún bàbá rẹ."

Àtọ́kẹ́ bú sẹ́kún. Pé òun ì bá ti rí i gbà ká ní òun tọrọ, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Kò mọ bó ṣe rìn délé. Àwọn àlejò mẹ́ta ló bá lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n ń wo iná, wọ́n ń yin tíṣà. Ó dúró títí wọ́n fi lọ, títí ìyá rẹ̀ fi ti ọjà dé. Nígbà náà ló kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀ dé orí ìbínú ọ̀gá. Kò fi ọ̀kan bò.

Yésúfù na ọwọ́ sí ilé páálí ìṣáná náà, ó tú wáyà kúrò lára bátìrì, ó fa òpó iná náà yọ, ó sì gbé e síwájú ọmọ rẹ̀.  Èjìdé ní tirẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Nígbà tí mo kúnlẹ̀, ó mọ̀?"

"Ó mọ̀, màámi."

"Ó mọ̀, ó sì gba ọpẹ́ lọ́wọ́ mi." Èjìdé fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Ọmọ ọlọ́mọ gba ẹ̀gàn lórí rẹ nítorí pé mo kúnlẹ̀."

Wọn kò nà án. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ tí kò sí ilé-ìwé, Èjìdé mú un lọ́wọ́, wọ́n tún ọ̀nà ọjọ́ Jímọ̀ rìn. Ó ní gbogbo ẹni tí òun sọ ọ́ fún, Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ òótọ́ rẹ̀ fún. Lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, lọ́dọ̀ ìyá oníṣu, lọ́dọ̀ bàbá tó ń rán bàtà, Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Irọ́ ni mo pa. Tíṣà kò fún mi, èmi ni mo mú un." Ìyá oníṣu pòṣé, bàbá tó ń rán bàtà sì mi orí. Ẹni tó bá rò pé ẹgba ń dunni ju ìyẹn lọ, kó dán irú rẹ̀ wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá àti ọmọ wà ní ọ́fíìsì Mísíìsì Ọládiípọ̀ kí agogo tó lù. Àtọ́kẹ́ gbé iná kejìlá lé orí tábìlì, ó sì jẹ́wọ́. Wọ́n pe Felicia wá, Àtọ́kẹ́ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n pe Mísì Adéyẹ́misí. Bó ti wọlé ni Èjìdé tún kúnlẹ̀, tíṣà fẹ́ gbé e dìde, ó kọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wà níbí," ni ó wí. "Lọ́jọ́ Jímọ̀, ohun tí ẹ kò ṣe ni mo wá dúpẹ́ rẹ̀. Lónìí, ohun tí ẹ ṣe gan-an ni mo bá wá. Ẹ bo àṣírí mi, ẹ gba ẹ̀bi ọmọ mi lé orí. Tíṣà, mo dúpẹ́. Èyí ni kí ẹ gbà, tiyín ni."

Mísíìsì Ọládiípọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò tètè fi í padà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní Mísì Adéyẹ́misí ni yóò kó àwọn ọmọ lọ sí Màpó, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní í túká. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ohun tí òun wí níwájú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n Àtọ́kẹ́ kò ní í fi ọwọ́ kan bíríkì mọ́ títí táàmù yóò fi parí, kò sì ní í dúró nídìí ilé náà ní Màpó. Tíṣà kò bá a bẹ̀bẹ̀, Èjìdé náà kò bẹ̀bẹ̀. Àtọ́kẹ́ ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì mọ̀ ọ́n lọ́kàn pé òun dúpẹ́ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ àfihàn, àárín èrò ni Àtọ́kẹ́ wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn Màpó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún dúró nídìí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, iná méjìlá tàn, àwọn ènìyàn sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìka òun ló to igun tí wọ́n ń yìn, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n. Ó dùn ún gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí Mísì Adéyẹ́misí rìn lọ gba ìwé-ẹ̀rí fún ẹgbẹ́ wọn, Àtọ́kẹ́ ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù nínú gbọ̀ngàn náà.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, tíṣà tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá, òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì rọra gbé ilé náà wá sí Bẹyẹrúnká. Wọ́n gbé e síwájú Yésúfù, Felicia so wáyà mọ́ bátìrì. Yésúfù kò kọ́kọ́ wo iná. Ó fi ìka tọ ojú ìpàdé bíríkì lọ láti ilẹ̀ dé òkè, ó ní wọ́n kánjú to ìpele kẹta lẹ́yìn ilé, àmọ́ yóò dúró. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá wo ìmọ́lẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó wò ó títí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà tọkàntọkàn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Èjìdé ní òun ń múra láti lọ dúpẹ́ àná. Àtọ́kẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà, ó ń pè é pé kó yára. Kò sí ohun tó ń já a láyà rárá.

Ọdún ti gorí ọdún. Àtọ́kẹ́ náà ti di ìyá ọmọ, bàbá rẹ̀ sì padà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àkàbà kó tó darúgbó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Àtọ́kẹ́ kò tilẹ̀ lo ogún ọdún, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọpẹ́ bá a. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí ohun kan bá wọ̀ yín lójú, ẹ tọrọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbà. Ohun tí Àtọ́kẹ́ máa ń sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ náà nìyí, kì í sì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: "Ohun tí ìyá rẹ kò bá ti lè lọ dúpẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, má mú un wọlé lónìí."